Aṣọ Kan Náà Ni, Rírán Rẹ̀ Ló Yàtọ̀: Fíìmù Kábọ́ì àti Fíìmù Ojú Sánmọ̀

Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti ìdílé wọn sọ ní ìpàdé òbí àti ọmọ, Fante New Town, Kumasi

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ yín á ti rò pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni n óò sọ, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn tí kì í tètè dé ìpàdé. Ẹ fọkàn balẹ̀. Akápò yóò sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo gbé wá. Ìdí rẹ̀ ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan láàárín wa tí tẹlifíṣọ̀n kò sí, àwọn ọmọ wa sì ń wo fíìmù ju bí wọ́n ti ń gbọ́ àlọ́ lẹ́nu wa lọ. Bí ẹnì kan bá ń bá ọmọ ẹni sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, ó yẹ kí òbí mọ ohun tí ẹni náà ń sọ.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọjà aṣọ ni mo ń tà, ìwé tí mo sì mọ̀, èmi fúnra mi ni mo fi ìmọ́lẹ̀ àtùpà kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta aṣọ máa ń mọ aṣọ tí wọ́n tú rán. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta obroni wawu, òkìrìkà tiwa, ẹ ó rí télọ̀ tí yóò gba ṣòkòtò òyìnbó gbọ̀ngbọ̀nràn, tí yóò tú u, tí yóò fi rán síkẹ́ẹ̀tì fún ọmọdé. Ẹni tí kò mọ̀ á ní aṣọ tuntun ni. Ẹni tó mọ̀ á fi ọwọ́ kan ojú okùn àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo rí i nígbà tí mo fi fíìmù kábọ́ì tí àwa wò ní kékeré wé fíìmù ojú sánmọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń wò. Ẹ jẹ́ kí a jọ fi ọwọ́ kan ojú okùn náà.

KÍ NI KÁBỌ́Ì, KÍ NI OJÚ SÁNMỌ̀?

Fún àwọn ọmọdé, mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé. Kábọ́ì ni àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn tó parí ní 1865, wọ́n máa ń da ọ̀wọ́ màlúù láti Texas lọ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin wà. Iṣẹ́ eruku àti òógùn ni. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Mexico, bí fíìmù tilẹ̀ fi wọ́n pamọ́ fún wa. Aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní 1838, Bass Reeves, di agbófinró ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn gan-an. Èmi kò rí i nínú fíìmù kankan ní gbogbo ìgbà ọmọdé mi.

Fíìmù irú èyí pẹ́ láyé. Ní 1903 ni Edwin Porter ṣe The Great Train Robbery, tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìlá lọ. Nígbà tí yóò fi di 1939, tí John Ford ṣe Stagecoach, tí John Wayne sì di ìlúmọ̀ọ́ká nípasẹ̀ rẹ̀, ayé ti mọ bí ó ti máa ń rí: ìlú kékeré nínú aginjù, ẹṣin, ìbọn, ọ̀daràn, àti ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi rántí orúkọ tí a ń pè wọ́n: ẹni rere ni áktọ̀, ẹni burúkú ni bọ́ọ̀sì. Áktọ̀ kì í kú. Bí ọta ìbọn ogún bá ń fò, yóò gba àárín wọn kọjá.

Fíìmù ojú sánmọ̀ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní science fiction: ìtàn àròsọ tí wọ́n fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ẹ̀ṣọ́ sí, ọkọ̀ tó ń lọ sínú ìràwọ̀, ẹ̀rọ tó ń rìn bí ènìyàn, ẹ̀dá àjèjì olójú ńlá. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣe é kò fi pamọ́ pé ara kábọ́ì ni wọ́n ti gé e. Nígbà tí Gene Roddenberry ń polówó Star Trek fún àwọn oní-tẹlifíṣọ̀n kí ó tó jáde ní 1966, ohun tó sọ fún wọn ni pé kí wọ́n rí i bí Wagon Train, eré kábọ́ì tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò nígbà náà, àfi pé àárín ìràwọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ ń gbà. Nínú ọkọ̀ Star Trek náà ni wọ́n fi obìnrin aláwọ̀ dúdú kan sí, Nichelle Nichols, pẹ̀lú orúkọ Uhura, tí wọ́n mú láti inú ọ̀rọ̀ Swahili tó túmọ̀ sí òmìnira.

Ní 1973, nínú Westworld, wọ́n fi Yul Brynner ṣe ẹ̀rọ tó ń yìnbọn bí kábọ́ì, wọ́n sì wọ aṣọ dúdú fún un bí èyí tó wọ̀ nínú fíìmù kábọ́ì rẹ̀ ní 1960. Okùn àtijọ́ náà kò fara sin rárá.

ỌKÙNRIN KAN ṢOṢO LỌ́SÀN-ÁN GANGAN

Ní 1952 ni Fred Zinnemann ṣe High Noon. Gary Cooper ni áktọ̀. Will Kane ni orúkọ rẹ̀ nínú eré, ọ̀gá agbófinró ìlú kékeré kan. Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an ni ìròyìn kàn án pé Frank Miller, ọ̀daràn tó rán lọ sí ẹ̀wọ̀n, ti jáde, pé ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán gangan ni yóò gbé e dé láti wá gbẹ̀san. Ẹmẹ̀wà rẹ̀ mẹ́ta ti ń dúró dè é níbùdókọ̀. Kane wọ ilé ọtí, ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wá ẹni tí yóò bá a dúró. Ọ̀kan ní ọwọ́ òun kò le mọ́. Òmíràn fara pamọ́ sínú yàrá, ó ní kí ìyàwó òun sọ pé òun kò sí nílé. Àwọn ará ìlú ní bí ó bá ti bá tirẹ̀ lọ, wàhálà á tán. Agogo ara ògiri kò sì dúró. Nígbẹ̀yìn, ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, tí ìsìn rẹ̀ kórìíra ìbọn, nìkan ló ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ìjà parí tí àwọn ará ìlú wá rọ́ jáde, Kane já ìràwọ̀ agbófinró kúrò láyà, ó sọ ọ́ sínú eruku, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní 1981, Peter Hyams ṣe Outland. Ìlú kékeré ti di ibùdó awakùsà lórí Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter. Sean Connery ni ọ̀gá agbófinró. Ó rí i pé wọ́n ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní oògùn kan kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ, pé oògùn náà ló ń yí wọn lórí tí wọ́n fi ń pa ara wọn. Ó kọ̀ láti gba rìbá. Ọ̀gá iléeṣẹ́ bá háyà àwọn apànìyàn, ọkọ̀ òfuurufú tó ń bọ̀ ni yóò gbé wọn dé. Aago onínọ́ńbà ń kà, ó ń wá olùrànlọ́wọ́, gbogbo ojú ń wo ilẹ̀. Dókítà obìnrin àgbàlagbà kan nìkan ló dúró tì í.

Ẹ ò rí i? Ọkọ̀ ojú irin di ọkọ̀ òfuurufú, agogo ògiri di aago onínọ́ńbà, ìyàwó di dókítà. Ìtàn kò yí padà. Bí ẹ bá sì bi mí ní ìdí tí a fi dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, n óò ní kí ẹ lọ wo High Noon. Nílẹ̀ àjò, ọ̀sán gangan oníkálukú ń bọ̀. Ó lè jẹ́ àìsàn, ó lè jẹ́ òkú, ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó jóná. Ní wákàtí náà, ẹni tó bá ní kí ìyàwó òun sọ pé òun kò sí nílé, òun náà ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Owó oṣù tí ẹ ń dá kò ju èyí lọ: kí ọkùnrin tàbí obìnrin kan má ṣe dá dúró lójú títì lọ́sàn-án gangan.

AKỌNI MÉJE LÁTI ÌLÚ DÉ ÌLÚ

Ti èkejì yìí dùn mọ́ mi nítorí kì í ṣe òyìnbó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1954, ará Japan kan, Akira Kurosawa, ṣe Seven Samurai: àwọn àgbẹ̀ abúlé kan tí olè ń kó irè oko wọn lọ́dọọdún lọ bẹ jagunjagun méje láti gbà wọ́n. Oúnjẹ ni owó iṣẹ́ wọn. Ní 1960, John Sturges gbé e lọ sí Mexico, ó sọ ọ́ di kábọ́ì, ó pè é ní The Magnificent Seven. Ní 1975, àwọn ará Íńdíà gé nínú aṣọ náà rán Sholay. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ rántí Amitabh Bachchan àti Dharmendra, ẹ sì rántí Gabbar Singh tí ń dẹ́rù ba abúlé. Ní 1980, Roger Corman gbé e lọ sójú sánmọ̀, ó pè é ní Battle Beyond the Stars. Abúlé di odindi pílánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì sọ ọ́ ní Akir láti fi bu ọlá fún Akira Kurosawa. Robert Vaughn tó wà nínú àwọn méje ti 1960 tún wà nínú ti ojú sánmọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un, kí àwọn ọmọ wa má rò pé ìtàn akọni, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn nìkan ló wà. Ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógún kí ti Japan tó jáde, Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, nínú èyí tí Àkàrà-ògùn àti Kàkó àti Ìmọ̀dóye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ẹ̀dá abàmì tó wà nínú igbó yẹn kò kéré sí èyí tó wà nínú ìràwọ̀ kankan. Bí ọmọ rẹ bá ń wo ẹ̀dá olójú mẹ́rin nínú tẹlifíṣọ̀n, sọ fún un pé àwọn ọdẹ wa ti pàdé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn akọni méje ni ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn ìjà, mẹ́rin nínú méje ti kú nínú ti Japan, mẹ́rin náà ló kú nínú ti Mexico. Àwọn àgbẹ̀ wà lóko, wọ́n ń gbin irè wọn. Ọ̀gá àwọn jagunjagun wò wọ́n, ó sì mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ ló ṣẹ́gun, kì í ṣe àwọn oníbọn. Oníbọn á kọjá bí atẹ́gùn. Ẹni tó gbin nǹkan sílẹ̀ ni ilẹ̀ máa ń mọ̀. Àwa oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn. Kì í ṣe ariwo wa ni Kumasi yóò fi rántí wa.

ILÉ TÍ WỌ́N DÁNÁ SUN

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ gbọ́. Ní 1956, John Ford ṣe The Searchers. John Wayne ni Ethan, ọkùnrin tó bọ̀ sílé tó rí ilé ẹ̀gbọ́n-àbúrò rẹ̀ tó ń jó, tí àwọn Comanche, àwọn onílẹ̀ aláwọ̀ pupa, ti pa ẹbí rẹ̀, tí wọ́n sì ti gbé ọmọbìnrin kékeré, Debbie, lọ. Ní 1977, George Lucas ṣe Star Wars. Luke, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan nínú aṣálẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì jíjìnnà, sáré dé ilé, ó bá èéfín, ó bá òkú ẹbí tó tọ́ ọ dàgbà. Ẹni tó bá wo méjèèjì kò ní nílò olùkọ́ láti rí ìjọra wọn. Nínú Star Wars náà, ilé ọtí wà tí onírúurú arìnrìn-àjò kún, Han Solo sì fi ìbọn há ìbàdí bí kábọ́ì pátápátá. Lucas yá nǹkan lọ́wọ́ Kurosawa pẹ̀lú. Ọlọ́jà ni, ó mọ ibi tí a ti ń ra ọjà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú The Searchers tí kò sí nínú Star Wars. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ethan fi wá ọmọ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé Debbie ti di ọ̀kan nínú àwọn Comanche, pípa ló fẹ́ pa á. Lójú tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ti kọ́ èdè ẹlòmíràn, tó ti wọ aṣọ ẹlòmíràn, ti kú. Nígbẹ̀yìn ni àánú ṣe é, tó gbé e mọ́ra lọ sílé. Gbogbo ènìyàn wọlé. Ethan nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yíjú padà sínú aṣálẹ̀. Ẹni tó kún fún ìkórìíra kò rí ilé wọ̀.

Òbí mélòó ló wà níbí tí ọmọ rẹ̀ ń sọ Twi ju Yorùbá lọ, tí ó sì ń pè é ní ọmọ tó ti sọnù? Ọmọ náà kò sọnù. Ó ń gbé níbi tí o bí i sí. Kọ́ ọ ní Yorùbá, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà bí Ethan.

TA NI ÀLEJÒ, TA NI ONÍLÉ?

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nínú gbogbo fíìmù kábọ́ì tí a wò ní kékeré, ṣé a bèèrè rí pé ilẹ̀ ta ni? Monument Valley, àwọn òkè pupa tí John Ford fẹ́ràn láti máa yà, ilẹ̀ àwọn Navajo ni. Nínú The Searchers, àwọn Navajo ni wọ́n ní kí wọ́n ṣe Comanche, ṣùgbọ́n olóyè Comanche gan-an, Henry Brandon tí wọ́n bí ní Jámánì ni wọ́n fi ṣe é. Onílẹ̀ kò rí ipò olóyè gbà lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ eré. Àwa ọmọdé aláwọ̀ dúdú jókòó, a ń pàtẹ́wọ́ fún àlejò tó ń lé onílé. Ìdí ni pé ọ̀dọ̀ àlejò ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí.

Moustapha Alassane, ará Niger, mọ̀ ọ́n. Ní 1966 ó ṣe fíìmù kúkúrú kan, Le Retour d'un aventurier: ọ̀dọ́kùnrin kan ti Amẹ́ríkà dé, ó kó aṣọ kábọ́ì bọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábúlé. Bí wọ́n ti wọ̀ ọ́ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jalè, wọ́n ń bá ara wọn jà, wọ́n da abúlé rú. Ìtàn apanilẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò pani lẹ́rìn-ín: ẹni tó bá wọ ìtàn ẹlòmíràn láìbèèrè, ilé baba rẹ̀ ni yóò dojú ìbọn kọ.

Fíìmù ojú sánmọ̀ wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ni àlejò tó ti òkè wá, wọ́n sì ń pè é ní alien. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bi àwọn bàbá àgbà yín bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia gbé òfin kan jáde nílẹ̀ Ghana níbí. Orúkọ rẹ̀ ni Aliens Compliance Order. Ó fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 láti gbà á tàbí kí ó jáde. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tó jáde, ọmọ Yorùbá ni: ará Ogbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀fà, ará Ìníṣà, ará Ìgbẹ́tì. Wọ́n ta ọjà láìwo èrè, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n fi ilé tí wọ́n kọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọn kò fojú rí rí, tí wọ́n ní kí wọ́n máa pè ní ilé. Àwọn bàbá wa ni alien. Wọn kò ti inú ìràwọ̀ wá. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì mú aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti àgbo dání.

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pé. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ Ghana tó di ẹrù wọn sínú báàgì alágbára onílà, tí a wá ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. A ń ta báàgì náà lọ́jà, a sì ń fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé kò gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó léni kì í fẹ́ rántí. Àwa mejèèjì ti jẹ́ àlejò rí, a sì ti jẹ́ onílé tó ń ti ilẹ̀kùn rí.

Ní 2009 ni Neill Blomkamp ṣe District 9. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan dúró lókè ìlú Johannesburg, ebi ń pa àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀. Wọ́n kó wọn sí àgọ́ páánù, wọ́n bú wọn, wọ́n sì fẹ́ kó wọn kúrò lọ síbi tó jìnnà. Ìtàn gidi ló wà lábẹ́ rẹ̀: District Six ní Cape Town, tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà sọ di ti aláwọ̀ funfun ní 1966, tí wọ́n sì lé ohun tó ju 60,000 ènìyàn jáde níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n rán láti lé àwọn àjèjì náà, Wikus, ni ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọ̀kan nínú wọn. Nígbà náà ló tó mọ ohun tí àlejò ń jẹ. Ṣùgbọ́n fíìmù kan náà yìí tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àjèjì sọ ọmọ Nàìjíríà di jàǹdùkú àti ajẹ̀nìyàn. Dora Akunyili, mínísítà ìròyìn Nàìjíríà nígbà náà, bínú, ó ní kí àwọn ilé sinimá má ṣe fi í hàn mọ́. Ó jàre. Ó hàn pé ènìyàn lè gbèjà àlejò kan kí ó sì máa tẹ òmíràn mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Nǹkan ń yí padà ṣáá. Dances with Wolves ní 1990 gbé kámẹ́rà sí ọ̀dọ̀ àwọn Lakota onílẹ̀, Avatar ní 2009 sì gbé irú ìtàn náà lọ sí òṣùpá Pandora, níbi tí àlejò ti wá wa kùsà, tí ọ̀kan nínú àwọn àlejò sì bá onílé jà fún ilẹ̀ rẹ̀. Àwa tí a ń gbé nítòsí wúrà Obuasi kò nílò ìtumọ̀ fún èyí. Ní 2011, wọ́n wá da méjèèjì pọ̀ pátápátá nínú Cowboys & Aliens: àjèjì láti òkè wá kó wúrà, kábọ́ì àti onílẹ̀ Apache tí wọ́n ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ sì jọ gbé ìbọn àti ọfà. Kumasi wa yìí kò gbẹ́yìn. Ní 2010, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ninja, lára àwọn onífíìmù Kumawood, ṣe 2016, nínú èyí tí àjèjì òfuurufú ti gbógun dé Ghana, Twi ni wọ́n sì ń sọ. Owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan fún àwọn Hollywood, síbẹ̀ nígbà tó di 2011, gbogbo ayé ń wo ìpolówó rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn pé ọmọ ìlú yìí gbé kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Mo ní nǹkan mẹ́ta láti fi sílẹ̀.

Èkíní: bí ọmọ rẹ bá ń wo fíìmù, jókòó tì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí o bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ilẹ̀ ta ni èyí? Ta ni àlejò? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n gbé kámẹ́rà sí? Ọmọ tó bá lè dáhùn wọn, kò sí ẹni tí yóò fi fíìmù tàn án, wọn kò sì ní fi ìròyìn tàbí òṣèlú tàn án.

Èkejì: sọ ìtàn 1969 fún un, kí o sì sọ ti 1983 mọ́ ọn. Má sọ ọ̀kan kí o fi èkejì pamọ́. Adúgbò tí a wà yìí, orúkọ àlejò ni ó ń jẹ́, nítorí Fante kì í ṣe Asante, etíkun ni ilé wọn. Zongo, lédè Hausa, ibùdó oníṣòwò arìnrìn-àjò ni. Ìlú ńlá kì í gbilẹ̀ láìsí àlejò. Bí àwọn tuntun bá sì dé láti Niger tàbí Burkina Faso, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí àwọn bàbá wa.

Ẹ̀kẹta: ẹ tọ́jú ìwé yín. Ní 2019, àwọn oníṣòwò ọmọ Nàìjíríà kan rí àgádágodo lára ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kumasi yìí. Òfin Ghana ti 2013 lórí okòwò àjèjì fi ọjà títà kéékèèké àti kíkiri sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa láyè láti wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ìwọlé yàtọ̀ sí ìgbé, ìgbé sì yàtọ̀ sí òwò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá rú lójú, kí ó wá bá akọ̀wé. Áktọ̀ inú fíìmù ni kì í kú. Àwa tí a wà nílẹ̀ àjò, ìwé àti ẹgbẹ́ la fi ń ṣe apata.

 Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ọ̀sán gangan tí a ó dá dúró. Àlejò ni wá lónìí. Bí a bá di onílé lọ́la, kí a rántí. Àṣẹ.